Ohùn Bàbá Rẹ Tó Wà Nísàlẹ̀ Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀. Báwo ni iṣẹ́, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tójú mi ò tó kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà, àfi pé àyà mi ń já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó o bá ń pè mí tí kò wọlé, má bínú, fóònù tó o rà fún wa ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, òun ni mo ṣe mú bírò.

Fóònù náà ló ń lọ́ra, tó sì máa ń dákú lọ́wọ́ mi, ni mo bá gbé e lọ fún Onígíláàsì, atúnfóònùṣe ẹ̀gbẹ́ ilé ìránṣọ. Ó ní sọ́fúwíà rẹ̀ ti gbó, pé òun á fi òmíràn táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn ṣe rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé àpò tí wọ́n ń fi fóònù sí ló ń sọ, mo ní kó mú èyí tó nípọn, àṣé ètò inú fóònù ló ń wí. Ìgbà tó máa gbé e fún mi, fóònù ò mọ̀ mí mọ́, ó ń bi mí pé èdè wo ni mo ń sọ, fóònù tá a ti jọ ń gbé látọjọ́ yìí. Ohùn bàbá rẹ náà ti lọ, ìyẹn èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù náà, tí wọ́n ń wúkọ́, tí wọ́n ń bi mí pé ibo ni mo gbé ọṣẹ àwọn sí. Látìgbà tí wọ́n ti kú, àràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù bà mí débi pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí. Onígíláàsì ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò fọwọ́ kan kẹ́nẹ̀lì. Ó ní kẹ́nẹ̀lì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ń bá irin inú fóònù sọ̀rọ̀, èyí tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ìsàlẹ̀ àpótí ni bàbá rẹ máa ń kó nǹkan gidi sí. Ni ọ̀gá tó kọ́ Onígíláàsì níṣẹ́, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, bá dá sí i, ó ní bí kò bá ti yí kẹ́nẹ̀lì, ọ̀dà lásán ló kùn, kó má pè é ní tuntun. Onígíláàsì ní irọ́ ni, tuntun ni tuntun ń jẹ́, kẹ́nẹ̀lì ò kan ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gá lèmi wà, torí bí kò bá jẹ́ tuntun, a jẹ́ pé ti àtijọ́ ṣì ni, bàbá rẹ sì wà níbẹ̀. Àfi bí ọ̀gá ṣe ní kí n gbé e wá, kóun kúkú yí kẹ́nẹ̀lì náà kí iṣẹ́ lè pé. Mo já fóònù gbà, mo fẹsẹ̀ fẹ.

Mo gba báǹkì lọ, akọ̀wé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ àwọn ò mọ fóònù yìí mọ́, báǹkì orí rẹ̀ ò lè ṣí. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ wọn ṣì mọ bàbá rẹ. Ó ní kí ẹni tó kàn súnmọ́ iwájú.

Mo ti pa fóònù náà, mo fi aṣọ wé e, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ. Mi ò fi iná sí i, kí iná má baà lé ohùn jáde. Tí mo bá kọjá, mo máa ń kí wọn wẹ́rẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ sí mi kí n fi ra àgádágodo tó lágbára, torí ọ̀gá yẹn mọ ilé wa. Ọwọ́ rẹ á máa ròkè, ohun tó o bá tọ́jú kò ní sọnù, o ò sì ní wá ohùn ẹni rẹ tì.

Ìwọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ á mọ̀ bóyá ohùn máa ń wà nínú kẹ́nẹ̀lì. Tó bá wà níbẹ̀, tètè kọ̀wé sí mi. Tí kò bá sí, má kọ ọ́ sínú ìwé. Máa bọ̀ nílé. Tí mo bá ti rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti yé mi.

Èmi,
Ìyá rẹ