Ìkẹ́dùn lórí Alhaja Sẹ̀gilọlá, Télọ̀ Àwọn Ọmọ Tí Ìlú Wọn Kì Í Fọwọ́ Kàn

Sí Hameedah, àwọn àbúrò rẹ̀, àti gbogbo ẹbí Adégúnlẹ̀, Nunhead.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ojú tí omijé kò tíì gbẹ ni Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Aláàánú ti Peckham fi ń bá yín kẹ́dùn ìyá yín, Alhaja Rahmah Sẹ̀gilọlá Adégúnlẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ọjọ́ kọkànlá tí wọ́n ti Íńdíà dé. Ọwọ́ ọ̀tún ẹgbẹ́ ló gé yìí.

Ní itẹ́ òkú lọ́jọ́ Jímọ̀, Hameedah dojú kọ akọ̀wé wa, Alhaji Làtíìfù, ó ní: “Uncle, Mummy mi ò well, ẹ sì mọ̀. Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè lọ measure àwọn ọmọ yẹn ni?” Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ ká fi “ẹ kú ìrójú” lásán bò ó mọ́lẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹgbẹ́ ti ń ran iléèwé kan lọ́wọ́ ní gúúsù Íńdíà, níbi tí àwọn ọmọ Dálíìtì tí òbí wọn kò rí jájẹ ti ń gbé, tí wọ́n sì ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí ìran tí a bí wọn sí, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ ìran ńlá lágbègbè náà kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Alhaja, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí Rye Lane, ló gba aṣọ iléèwé àwọn ọmọ náà rán. Lọ́dún àkọ́kọ́, télọ̀ abúlé kan ló wọn àwọn ọmọ, tí wọ́n fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Alhaja rán ogójì aṣọ, ẹyọ kan kò bá ọmọ mu. Apá gùn kọjá ọwọ́, ọrùn fún pinpin. Ẹnu Alhaja kì í sì í dákẹ́ tó bá dọ̀rọ̀ iṣẹ́. “Irú télọ̀ wo lèyí? Kó kúkú lọ máa ta sìmẹ́ǹtì!” Wọ́n wọ bàálù, ó di Íńdíà, wọ́n ní àwọn ń lọ kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni ọ̀gá iléèwé, Magdalene, tí òun náà jẹ́ Dálíìtì, ṣàlàyé pé télọ̀ náà mọṣẹ́ dáadáa. Kò kàn fẹ́ kí téèpù òun kan àwọn ọmọ ni. Òkèèrè ló dúró sí, tó ń fojú wọ̀n wọ́n. Alhaja dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wọn lẹ mọ bí ìyẹn ti ṣọ̀wọ́n tó. Wọ́n wá pe ọmọbìnrin tó wà níwájú, wọ́n wọn èjìká àti àyà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé téèpù náà kọ́ ọrùn ara wọn bí gbogbo télọ̀ ti máa ń ṣe. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ni ọmọ náà bá bú sẹ́kún. Àwọn yòókù tí wọ́n ti ń fà sẹ́yìn wá ń ti ara wọn kí ó lè kàn wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, Alhaja kò gba ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún yìí, nígbà tí àárẹ̀ ti hàn lára wọn, ìgbìmọ̀ ní kí a ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Alhaja ní, “Ẹ̀yin Alhaji, ṣé aṣọ nìkan lẹ rò pé mò ń tìtorí ẹ̀ lọ ni?” A jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa tẹ̀ lé wọn, a kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn wá. Ẹ dárí jì wá.

A tún gbọ́ pé Hameedah bínú, kò sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú, àti pé ìyẹn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Alhaja sọ fún Magdalene pé ọmọ tí kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kì í bá a jà nítorí ìrìn àjò.

Àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ yóò parí aṣọ méjìdínlógún tí Alhaja ti gé kalẹ̀. Alhaji Làtíìfù àti ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń wọn ènìyàn, àwọn ni yóò lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ìròyìn náà dé iléèwé, àwọn ọmọ kò béèrè ohun tó pa Alhaja. Wọ́n ní kí Magdalene bá àwọn bi wá bóyá a rí ẹni tó gbà láti fọwọ́ kan òkú Alhaja. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ẹbí wọn ni àwọn ọmọ ìran ńlá máa ń ti iṣẹ́ òkú sí lọ́rùn. A fèsì pé Hameedah, àkọ́bí wọn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Magdalene ní ìgbà náà ni ọkàn àwọn ọmọ tó balẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú tẹ́ Alhaja sí Aljánnà. Kí Ó fún ẹ̀yin ọmọ ní ìtùnú tí ẹnu wa kò lè fún yín. Kí Hameedah, tó wẹ ìyá rẹ̀, rí ọmọ tí yóò tọ́jú òun náà lọ́jọ́ alẹ́. Àmín.

Basit Ọláṣùpọ̀,
Alága, fún gbogbo ẹgbẹ́.