Plọ́ọ̀tì Kan fún Ọmọ Tó Ń Bá Ẹ̀rọ Sọ̀rọ̀

Ìgàndò,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, 1993.

Mọ̀dínátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọ̀nà, mo sì kí ọ kú ìjókòó, nítorí o ní ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé ní Ìkẹjà ò yọ ọ́ lẹ́nu? Èmi àti ìyá rẹ Hàbíbátù wà dáadáa. Orúnkún tó ń dùn mí nígbà tí o wá kẹ́yìn ti fi mí sílẹ̀, ó ti lọ bá ìyá rẹ, ṣùgbọ́n òun náà ní kò le púpọ̀. Ọlọ́hun tó ń bọ́ aláǹgbá tí kò ní oko kò ní jẹ́ kí o wá oúnjẹ tì, Ọlọ́hun tó ń mú ẹyẹ padà sórí ẹ̀ka rẹ̀ yóò máa mú ọ délé láyọ̀. Àmín. Ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì. Òrùlé ilé kéú tí atẹ́gùn ṣí, wọ́n ti kàn án padà. Ọ̀nà Ìkòtún ti fẹ̀ sí i, àwọn àjòjì tó ń wá ilẹ̀ rà ò sì jẹ́ ká sinmi mọ́, níjẹta ni ọkùnrin kan tó wọ táì bá mi lórí ẹní ìkírun, ó dúró títí mo fi sálámà, ó wá bi mí bóyá ibi tí mo forí kanlẹ̀ sí yẹn wà fún títà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kà á sí ìyá rẹ létí. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kàwé jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ka lẹ́tà mọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o ṣe ìṣirò rẹ̀, pé láti Ìkẹjà dé Marina, àlọ àti àbọ̀, àkókò tí o ń lò nínú ọkọ̀ láàrin ọdún kan tó ogójì ọjọ́, tọ̀sántòru, ìyá rẹ bú sẹ́kún. Ó ní ta ló ń gbé oúnjẹ fún ọmọ òun nínú ọkọ̀ fún ogójì ọjọ́, ó ní níbo lo ti ń wẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, pé o máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàrin. Ó nu ojú, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń yan ẹ̀pà tí wàá máa mú wọ ọkọ̀.

O tún ní iṣẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ, pé ohun tí èèyàn ń ṣe ni iṣẹ́. Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń lọ sóko, ó sì rú mi lójú díẹ̀, torí bí mi ò bá lọ sóko, ẹ̀gẹ́ ò ní wá bá mi nílé. Ṣùgbọ́n o ní ọ̀gá rẹ ti gbà, pé kí o máa ṣe iṣẹ́ náà nínú yàrá rẹ, kí o máa gbé e lọ bá wọn ní Marina ní ọjọ́ Ajé nìkan, nínú pẹlẹbẹ dúdú kan tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ní iṣẹ́ tí a lè gbé sínú àpò bùbá, iṣẹ́ ìbùkún ni. O ní o máa ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́sàn-án nítorí orí rẹ ṣì wà nínú iṣẹ́. Ìyá rẹ ní kí orí rẹ jáde kó wá jẹun.

Nípa kòkòrò tó wọ inú iṣẹ́ rẹ, tó gbà ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta kí o tó rí i, a ti sá ewé dóńgóyárò fún ọ, ó wà nínú àpò tí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá máa gbé lé ọ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Má dà á sínú rẹ̀ o, ìyá rẹ ní kí n tẹnu mọ́ èyí. Ọmọ mi, ibì kan sì wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò kà sí ẹnikẹ́ni létí, ìyá rẹ pàápàá ò gbọ́ ọ, ibi tí o ti ní ọ̀lẹ ló mọ iṣẹ́ yín ṣe jù, torí ọ̀lẹ ò fẹ́ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa bá a ṣe é. Àtàǹpàkò ni mo fi bo ibẹ̀. Jọ̀wọ́ má kọ irú rẹ̀ sínú ìwé mọ́, ìwé lè jábọ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí o bèèrè gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní kí n bá ọ tọrọ plọ́ọ̀tì kan nínú ilẹ̀ ẹbí, èyí tó wà lẹ́yìn kànga, kí o fi kọ́ yàrá méjì, kí ìwọ máa sùn nínú ọ̀kan kí ẹ̀rọ máa gbé inú èkejì. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun tán. Ṣùgbọ́n inú dídùn kì í ṣe ilẹ̀, ilẹ̀ ẹbí sì kì í ṣe tèmi nìkan, ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Hàrúnà lọ, torí àwọn ni olórí ẹbí. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní irú iṣẹ́ wo ni obìnrin máa dá jókòó sínú yàrá ṣe, tí kò ta ohun kan, tí kò rán aṣọ, tí wọ́n á sì máa san owó oṣù fún un. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí la pé jọ lábẹ́ igi fúrúùtù, a sì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ní ẹ̀rọ tí Mọ̀dínátù ń bá ṣiṣẹ́ lágbára púpọ̀ ṣùgbọ́n kò lọ́gbọ́n rárá, ohun tí a bá sọ fún un gẹ́lẹ́ ló ń ṣe, bí èèyàn bá ní kó lọ pọn omi tí kò sì sọ fún un pé kó dúró bí ìkòkò bá kún, yóò máa pọn ọ́n títí a ó fi máa lúwẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní òun bí irú rẹ̀ méjì. Wọ́n ní èdè wo ni o ń bá a sọ. Mo ní èdè mẹ́ta ni, kò sì sí Yorùbá nínú rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó máa ń dáhùn. Mo ní ó máa ń dáhùn, àmọ́ o sọ fún mi pé àṣìṣe rẹ nìkan ló máa ń rí sọ. Àwọn obìnrin ilé pariwo pé ìyá ọkọ gan-an nìyẹn. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Àfi bí bọ̀ọ̀dá rẹ Nùrẹ́nì ṣe dìde. O mọ̀ ọ́n, ọmọ àbúrò mi Àyìnkẹ́ tó ti dolóògbé, òun ló ń bá ẹbí ta ilẹ̀. Ó ní òun ti ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ sórí plọ́ọ̀tì yẹn, pé ẹnì kan ti fẹ́ ẹ, ó fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn Mọ̀dínátù, kò sẹ́ni tí ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ni, lọ́la yóò lọ sílé ọkọ, ilẹ̀ wa á sì di ilẹ̀ àna wa. Ó ní obìnrin kì í pín nínú ilẹ̀. Mo rí i tí àwọn kan ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà wọn, bí wọ́n bá sì ti ṣí fìlà báyẹn, wọ́n ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo tún dìde. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ sá lẹ́nu mi. Gbogbo ohun tí mo rò láti ilé, mi ò rí ẹyọ kan. Mo kàn dúró síbẹ̀, omi ń bọ̀ lójú mi, mo ń ṣe bíi pé èérún kó sí mi lójú.

Ìyá rẹ ló ń gbé omi mímu kiri nígbà náà. O mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó wọlé lọ, ó jáde padà, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, ìwé kan ló wà lọ́wọ́ òun, òun ò sì mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun kà á. Ìwé ẹbí ni! Èyí tí o ní kí ẹ̀rọ kọ jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìjà pínpín ilẹ̀ fẹ́ tú wa ká, tí o lọ láti ojúlé dé ojúlé tí o ń kọ orúkọ gbogbo wa. Ìwé tó gùn bí okùn, tí wọ́n ṣẹ́ lé ara rẹ̀, tí ihò wẹẹrẹwẹ wà létí rẹ̀ méjèèjì, tí mo ní ihò tí wọ́n máa fi òwú rán an ni, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ní ó jọ pé eku ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Gbogbo wa la tẹ̀ka sí i, Nùrẹ́nì náà tẹ̀ka. Inú àpótí ló wà pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ láti ìgbà náà.

A tú u, ó gùn láti ìdí igi dé ẹ̀bá kànga. Ìyá rẹ ní kí n bá òun ka ibi tí orúkọ Àyìnkẹ́ wà. Mo kà á. Ó ní: Àyìnkẹ́, ọmọ. Lábẹ́ rẹ̀: Nùrẹ́nì, ọmọ. Ó ní kí n ka tèmi. Ó ní: Mọ́ṣúdù, ọmọ. Lábẹ́ rẹ̀: Mọ̀dínátù, ọmọ. Mọ̀dínátù, ẹ̀rọ yẹn ò kọ ọkùnrin, kò kọ obìnrin, ọmọ ló kọ sí iwájú gbogbo wa! Ìyá rẹ wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, pé kí wọ́n má bínú sí òun, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí obìnrin ò bá pín nínú ilẹ̀, ọ̀nà wo ni ilẹ̀ gbà dé ọwọ́ Nùrẹ́nì?

Nùrẹ́nì wo ìwé, ó wo ìyá rẹ, ó tún wo ìwé, ni ẹ̀rín bá gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ, ó ní màmá, ẹ dákun, bí ìyá òun bá gbọ́ ohun tí òun sọ yìí, yóò jí dìde ni yóò fọ́ òun létí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun fúnra rẹ̀ ló lọ fa igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu. Ó ní kí n kí ọ, pé òun máa bá oníbúlọ́ọ̀kù náà wá ibòmíràn, búlọ́ọ̀kù tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé fìlà wọn padà, wọ́n ní ilẹ̀ ti di tìrẹ, tìrẹ àti ti ọmọ rẹ. Wọ́n fi nǹkan méjì kún un. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ sọ àṣírí ẹbí fún ẹ̀rọ náà. Wọ́n sì ní tó bá ti dé, kí o bá àwọn bi í, ta ló sún òkúta ààlà wa síwájú nígbà ayé bàbá wa. Mo ti gbà fún wọn lórúkọ rẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kọ́ ọ.

Julius káfíńtà ti wá wo ilẹ̀ náà. Ó ní fèrèsé mélòó ni kí òun ṣe, mo ní ẹyọ kan ti tó, torí o kọ ọ́ sí wa pé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé fún yín ní fèrèsé, pé òmíràn tún ń ṣí lórí òmíràn, kí la tún ń náwó sí igi fún? Mo sì ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníná, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ ẹni tó ni ilé, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé wo ojú mi, ó ní Bàbá, ṣé ara ọmọ náà yá? Mo ní ara rẹ̀ yá, àlìhámúdù lílàhì.

Bí owó oṣù bá jáde, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún sìmẹ́ńtì, èyí tí ọwọ́ rẹ bá ká ni o, má torí rẹ̀ fi ebi sùn. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ ìró kan, kó jẹ́ àwọ̀ tí èèyàn máa rí láti òkèèrè, torí gbogbo ilé ló ń wò ó báyìí nígbà tó bá ń kọjá.

Láàárọ̀ yìí mo mú àdá lọ sórí ilẹ̀ náà, mo ṣán an mọ́ tónítóní. Mo wá lọ dúró síbi tí ẹnu ọ̀nà rẹ máa wà, mo pe ìyá rẹ, mi ò pariwo, bí mo ṣe ń pè é nínú ilé ni mo ṣe pè é. Ó dáhùn láti ilé ìdáná, ó ní ṣé kí òun bu oúnjẹ ni. Mo ní rárá, mo kàn ń wò ó ni. Nítorí náà, bí o bá ti kó dé, má kọ lẹ́tà sí wa mọ́. Pè wá.

Ọlọ́hun yóò fi ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà ire, yóò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́ tìrẹ, yóò jẹ́ kí a máa pe ara wa kí a sì máa dá ara wa lóhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ́ṣúdù.