Orúkọ Ọmọ Tí A Fi Ń Pe Ìyá

Ilé-ìwé Jẹ́lé-ó-sinmi,
Mówè,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ajé.

Mọ́láyọ̀, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọlọ́mọ tuntun, ṣé ara ti ń mókun? Ṣé Jésùlayọ̀mi ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó sì ń jẹ́ kí o rí oorun díẹ̀ sùn? Ọlọ́run tó gbọ́ ohùn rẹ lórí ìkúnlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmú gbẹ, yóò sì máa ti Ládélé ọkọ rẹ lẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ tó ń sáré lọ ṣe l'Ékòó lójoojúmọ́. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Monísọ́lá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo mọ̀ ọ́, àbúrò mi. Lórí fóònù, n ò ní tíì parí gbólóhùn kan tí wàá ti fèsì mẹ́ta. Bí o kò bá fèsì, wàá sunkún. Bí ìwọ kò bá sì sunkún, ọmọ ọwọ́ á bá ọ sun ún. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìwé. Jókòó, fi ọmú sẹ́nu ọmọ, kí o sì kà á tán.

Ọ̀rọ̀ Dáraolúwa, àkọ́bí rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, ni. Mo gbọ́ pé ẹ ti pinnu pé tó bá di Sátidé, Ládélé á wá mú un níbí lọ sí Ifọ̀, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ, kó máa gbé níbẹ̀ títí yóò fi wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ó ń tọ̀ sílé, ẹ ní ó ń ja ọmọ ọwọ́ léèékánná. Màmá Ifọ̀ sì ní àwọn mọ oògùn atọ̀ọ́lé: kí ọmọ gbé ẹní tó tọ̀ sí lérí, kí àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e kiri, kí wọ́n máa kọrin fún un. Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá. Wọ́n kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún àwa náà rí. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ọ báyìí pé Dáraolúwa kò lọ sí Ifọ̀. Ilé rẹ ní Ìbafo ló ń lọ.

Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìwọ lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn ṣe, pé àbí mo fẹ́ di wòlíì ni. Wàá jẹ nínú rẹ̀ lónìí. Àwọn dókítà kan wà nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ tí wọ́n máa ń ní kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àga gígùn, kó máa sọ ohunkóhun tó bá ti wá sí i lọ́kàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkàn wa ní yàrá ẹ̀yìn kan tí onílé gan-an kì í wọ̀. Ohun tó bá ká wa lára ju bí a ṣe lè gbé e lọ, ibẹ̀ la máa ń tì í sí. Kì í sì í kú síbẹ̀. Yóò wá ọ̀nà mìíràn jáde, bóyá lójú àlá, bóyá nínú ara, bóyá nínú eré ọmọdé. Wọ́n ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀ irú ẹni tí ọmọ yóò dà. Àwọn baba wa ti sọ ìyẹn tipẹ́, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

N ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn o. Wọ́n ní kò sí ọmọkùnrin kékeré tí kò fẹ́ gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ṣe ìyàwó. Mo rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ wa fi lé mi síta. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyá àti bàbá nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n ìyá tó lẹ́nu bíi tèmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹrù bá wúwo jù fún ọmọ, ó lè padà sí ìgbà tí ayé ṣì dùn mọ́ ọn, kí ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa tún máa ṣe bí ìkókó. Wò ó, Mọ́láyọ̀. Jésùlayọ̀mi ń tọ̀ sí yín lára, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Dáraolúwa ní ojú, ó ń wò yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Dáraolúwa mú píọ̀ wọ́tà méjì. Ó fi gèlè mi pọn ọ̀kan. Ó gbé èkejì lọ sẹ́nu géètì, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ìwọ ti dàgbà. Máa lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Mówè. Ẹ̀gbọ́n kì í sunkún." Ó rìn díẹ̀, ó tún yíjú padà sí i: "Má pè mí ní mọ́mì ẹ mọ́. Mọ́mì Jésùlayọ̀mi ni mí." Inú mi bà jẹ́ gan-an, kí n má parọ́ fún ọ.

Ìwọ náà rò ó wò. Nígbà tí ẹ wà ní Akute, ta ni wọ́n ń pè ọ́? Màmá Dáraolúwa. Ìgbà tí ẹ kó dé Ìbafo, oyún ti wà nínú rẹ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́. Ni aládùúgbò àti ará ṣọ́ọ̀ṣì bá sọ ọ́ di Màmá Jésùlayọ̀mi, inú rẹ ń dùn, o ń jẹ́ ẹ. N ò bá ọ wí, ta ló máa fura? Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, àkọ́bí ló ń sọ ìyá lórúkọ. Ohun ìní àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn ní láyé nìyẹn, ẹ sì ti gbà á fún àbúrò rẹ̀ tí kò tíì héyín. Lẹ́yìn náà lẹ wá gbé òun alára fún mi. Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ Ẹtì, tí Dáraolúwa kí ọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ́mì Jésùlayọ̀mi," o rẹ́rìn-ín, o ní ọmọ náà gbọ́n. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ eré yẹn, mo dìde, mo lọ gbé píọ̀ wọ́tà ẹnu géètì, mo kúnlẹ̀ níwájú Dáraolúwa. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín rèé o, ó ní òun fẹ́ wálé." Ó ní, "Ó ń tọ̀ sílé." Mo ní, "Èyí tí ẹ pọ̀n yẹn ńkọ́?" Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, àṣé píọ̀ wọ́tà ti jò, aṣọ rẹ̀ ti tutù rinrin. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún, gbogbo èyí tí kò sun láti ọjọ́ tí ẹ ti mú un wá. Mo gbé e mọ́ra títí ó fi sun ún tán, ó sì ní ebi ń pa òun.

Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ẹní rẹ̀ ti gbẹ. Ó tọ̀ láàárọ̀ yìí náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wẹ̀ fún un, ó bi mí bóyá Jésùlayọ̀mi ti mọ ẹ̀rín-ín rín. Kò béèrè ọmọ náà rí.

Nítorí náà, ìwọ ni kí o wá ní Sátidé. Pọn ọmọ ọwọ́ dání. Bí o bá dé ẹnu géètì, má pe orúkọ mi. Kígbe pé, "Màmá Dáraolúwa ti dé o!" Sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá gbàgbé, má dá a lóhùn. Ní ti Màmá Ifọ̀, èmi fúnra mi ni n ó lọ kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Ládélé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bí mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ mi máa yé wọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o gbé ọ̀kan kí èkejì bọ́. Àwọn méjèèjì yóò mọ ara wọn lọ́mọ ìyá títí dọjọ́ alẹ́, wọn yóò sì jọ tọ́jú rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ kí o tó pọn ẹnikẹ́ni,
Monísọ́lá.

Àfikún: Dáraolúwa bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìyá rẹ̀ ni. Ó ní, "Orúkọ wo lẹ kọ síbẹ̀?" Mo fi àpòòwé hàn án: MÀMÁ DÁRAOLÚWA. Kò tíì mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó dá lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ó fìka tọ́ ọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mú un kiri fi han gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò sì gbà láti dá a padà. Ìdí nìyẹn tí Yaqub, aládùúgbò wa tó ń ná Ìbafo, fi máa fún ọ ní lẹ́tà yìí láìní àpòòwé. Àpòòwé wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ. Wá gbà á.