Kànga Kò Ṣeé Fà Lórí Yìnyín

Ọjọ́ Ajé, 11 Jánúárì 1909

Mo ti di ìyàwó! Láti ìjẹta ni mo ti ń pe ara mi ní Ìyàwó Tveit lábẹ́ ẹ̀mí, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín ní ìgàkè. Gègé mi ń sáré bí mo ṣe ń kọ èyí. Ayọ̀ ni, kì í ṣe òtútù – bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù náà wà.

Ilé wa: yàrá kan. Ògiri eèpẹ̀ tí wọ́n gé lódindi láti inú pápá, gbòǹgbò koríko ṣì wà lára rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì kan. Àti ààrò irin mi, tuntun gbáú, tí bàbá mi fi ránṣẹ́ láti Minnesota. Mo ti fi polìṣì dúdú nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Halvor ní bí mo bá tún fọwọ́ kàn án, òun á jowú ààrò.

Halvor! Ọkọ mi! Nínú ìwé yìí, Oníkànga ni n ó máa pè é. Òun ló gbẹ́ kànga tí gbogbo ìlú Kjelda ń mu, òun nìkan, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti okùn. Kò sí omi mìíràn nínú pápá yìí, títí kan ti odò, tí kì í korò bí oògùn. Tiwa dùn. Mo ti mu ún yó.

Ọjọ́rú, 13 Jánúárì

Pásítọ̀ wá kí wa. Lóṣù Júùnù, Kjelda á pé ọdún mẹ́wàá, àjọ̀dún ńlá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí èmi dìde níwájú gbogbo ènìyàn kí n sọ ìtàn bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀. “Ìyàwó wa kàwé girama,” ni wọ́n wí, “ẹnu rẹ̀ á sì gbà á.” Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n máa bi àwọn àgbà léèrè. Mo ti mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ bi.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, Oníkànga fi ọkọ̀ yìnyín gbé mi jáde. Oòrùn, ẹṣin ń sáré, imú mi ti kú! Ní apá àríwá, níbi tí kò sí igi kan, tí kò sí ilé kan, a rí ààrò irin kan tó dá dúró láàárín yìnyín. Ó ti dípẹtà. Pìpù rẹ̀ ti ṣẹ́. Bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ dáná fún ojú ọ̀run.

Mo jókòó lé e lórí. Mo ní, “Ọkọ mi, kí ni ẹ fẹ́ jẹ lónìí?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbátí ọkọ̀ mú. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní kí òun tó dé ìlú yìí ló ti wà níbẹ̀, pé ẹnìkan ló jù ú nù.

Ọjọ́bọ̀, 21 Jánúárì

Ọ̀dọ̀ Ìyá Borghild Lien. (Ìyá Kọfí ni mo sọ wọ́n nínú ọkàn mi – ife wọn kì í gbẹ.) Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ìdílé mẹ́ta, wọ́n gbẹ́ ihò sára òkè létí odò, inú rẹ̀ ni wọ́n ti lo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tàwọn ti màlúù kan tó ń mú wọn móoru. Ọkùnrin kan kú lóṣù Kejìlá. Ilẹ̀ ti le ju kí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ, ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí òrùlé títí yìnyín fi yọ́.

“Ẹ̀rù ò bà yín, ẹ̀yin àti òkú lókè?”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Ó sàn ju ìgbà tó wà láàyè lọ. Kò hanrun mọ́.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí sára. N kò mọ̀ bóyá n ó lè sọ ìyẹn níwájú Pásítọ̀. Mo bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó?” Wọ́n wo inú ife wọn. Wọ́n ní, “Àwa ni.”

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Jánúárì

Ojú irin tí gbogbo wa ń retí kò gba ọ̀dọ̀ wa mọ́. Rustad oníṣọ́ọ̀bù ló kéde rẹ̀. Apá gúúsù ló gbà, ìrìn bí i ìdajì ọjọ́ síbí. Wọn ò tíì sọ ibùdó náà lórúkọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára pákó.

Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la wà. Ni gbogbo ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkànga mi dìde, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó ní, “Ṣé ojú irin lẹ fẹ́ máa mu ni? Omi tó wà níbẹ̀, ewúrẹ́ á tu ú dànù.” Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Kọfí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí mi wú! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú délé.

Ọjọ́rú, 3 Fẹ́búárì

Ṣọ́ọ̀bù Rustad lọ sí ibùdó ojú irin lónìí. Kì í ṣe ọjà inú rẹ̀ – ilé náà fúnra rẹ̀! Wọ́n ki ìtì igi méjì bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n so ẹṣin bí ogún mọ́ ọn, wọ́n sì ń fà á lọ lórí yìnyín. Wọn ò pa iná ààrò. Ìyàwó Rustad wà nínú ilé, ó ń dín àkàrà pẹlẹbẹ ọ̀dùnkún, èéfín ń jáde lókè bí ilé ṣe ń rìn lọ. Ó ju ọ̀kan sí mi láti ojú fèrèsé. Ó gbóná.

Mo pàtẹ́wọ́. Oníkànga kò pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 Fẹ́búárì

Ilé mẹ́ta lónìí. N kò jáde lọ wò wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Fẹ́búárì

Wọ́n padà wá! Rustad àti àwọn mìíràn, àgbá òfìfo ló kún ọkọ̀ yìnyín wọn. Omi ọ̀hún ń mú kí ẹṣin wọn máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Oníkànga ń kọrin bó ṣe ń fa omi fún wọn, ó yọ kọ́ọ̀tù nínú òtútù yẹn.

Rustad ní, “Halvor, fi agídí sílẹ̀, wá gbẹ́ kànga fún wa lọ́hùn-ún. A ó fún ẹ ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.”

“Ilé mi ńkọ́?”

“Ilé eèpẹ̀? Ta ló ń fa eèpẹ̀? Bí ẹṣin bá fà á, ẹ̀yin méjèèjì á kàn jókòó sórí ebè ni.”

“Ẹ máa wá pọnmi. Òùngbẹ ló máa dá yín padà níkọ̀ọ̀kan.”

Rustad yíjú sí mi. “Ìyàwó, bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ o.”

Mo ní, “Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀.” Ni gbogbo wọn bá hó yè. Ẹnu mi yìí! Inú Oníkànga dùn títí di àkókò oúnjẹ. Ó ní kò sí irú mi ní gbogbo ìpínlẹ̀ Saskatchewan yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Fẹ́búárì

Ilé ìjọsìn lọ. Wọn ò rántí so agogo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń dún fúnra rẹ̀, gbọ̀n-gan, gbọ̀n-gan, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Mo sáré bá Pásítọ̀, mo bi wọ́n nípa àjọ̀dún oṣù Júùnù. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní ìlú tuntun ló kù báyìí, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú mọ́.

Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ihò, màlúù, ọkùnrin orí òrùlé.

Ọjọ́ Ajé, 1 Máàṣì

Ẹnikẹ́ni kò wá pọnmi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníkànga ń wo ojú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá Kọfí, tó ń gbé ní ibùdó ojú irin báyìí, kọjá lọ. Ó ní ọkọ̀ ojú irin àwọn òṣìṣẹ́ ti dé ọ̀hún, ó ń fa táńkì omi wá láti ìlú ńlá. Omi tó pọ̀. Omi tó dáa.

“Ó dùn bí i tèmi?” ni Oníkànga bi í.

“Omi ni, Halvor. Omi náà ni.”

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Máàṣì

Mo sọ ọ́ fún Oníkànga. Mo ní, “Jẹ́ ká lọ.” Mo rọra sọ ọ́, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ilé kò tó nǹkan, fèrèsé ṣeé yọ, ààrò ṣeé gbé. Mo ní bí ìjọba tilẹ̀ ní ká lo ìgbà òtútù méjì sí i níbí kí ilẹ̀ yìí tó di tiwa, ilẹ̀ pọ̀ níbòmíràn.

Ó jáde. Ó fa omi, ó bu ú sínú ife, ó gbé e wá.

“Mu.”

Mo mu.

“Ó dùn?”

“Ó dùn.”

“Ó tán.”

Kò pariwo mọ́ mi. Ó sàn kó pariwo. Ó tún fi kọ́ọ̀tù rẹ̀ bò mí léjìká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Máàṣì

Mo nu ààrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Máàṣì

Àwọn ọmọ Ìyá Kọfí ti kó ẹṣin dé. Ilé wọn ló kù, ilé wọn àti tiwa. Mo lọ bá wọn mu kọfí ìkẹyìn. Nǹkan gbogbo ti wà nínú àpótí, ife méjì péré ló wà níta.

N kò mọ ohun tó mú mi béèrè ààrò inú pápá àríwá. Bóyá torí pé n kò ní ìtàn mìíràn tí mo lè béèrè mọ́.

Ìyá Kọfí gbé ife wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ṣáájú Kjelda. Ìdílé mẹ́rin ni àwọn. Nígbà tí wọ́n rí koríko tó dáa létí odò yìí, mẹ́ta kó lọ. Ọkùnrin kẹrin ní òun ò lọ, pé òun ti túlẹ̀ ibẹ̀, ọwọ́ òun ti bó lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ìjánu ẹṣin àwọn tó ń lọ mú. Ó kàn dì í mú. Wọ́n ní ọkọ Ìyá Kọfí ló tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn?”

“A lọ wò wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Òrùlé ti wó, òjò ti fọ ògiri padà sínú ilẹ̀. Ààrò ló kù.”

“Àwọn fúnra wọn ńkọ́?”

“A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní kí ló dé tí kò ti lọ wò wọ́n tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n bu kọfí sí i fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Máàṣì

Ilé Ìyá Kọfí ti lọ. Èéfín ń jáde lókè rẹ̀. Ó ti jìnnà díẹ̀ kí n tó rántí ohun tí n kò béèrè, ni mo bá sá tẹ̀lé e, yìnyín wọ bàtà mi. Wọ́n ṣí fèrèsé.

“Ìyá! Kí lorúkọ rẹ̀? Ìyàwó yẹn!”

Wọ́n fọwọ́ síwájú orí bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ilé ń rìn, èmi náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“N ò rántí mọ́, ọmọ mi. Ìyàwó tuntun ni.”

Afẹ́fẹ́ ń da èéfín wọlé. Wọ́n ti fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Máàṣì

Kò sí agogo. Oníkànga fọ yìnyín ẹnu kànga bí i ti àná, ó kó àwọn korobá jọ létí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó bá wá.

Nígbà tó wà níta, mo ṣí ilẹ̀kùn ààrò mi. Mo mú ìṣó. Ní apá inú, níbi tí polìṣì kì í dé, mo ha orúkọ mi síbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ìpẹtà má lè jẹ ẹ́ tán: ASTA TVEIT.

Ó gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ìta. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe.

Mo ní mò ń fọ ààrò.