Ilẹ̀kùn Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Abẹ́ Afárá Ìjọrà

Agboolé Abọ́dúndé,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Bọ́lárìnwá ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ilé tuntun. Bó ti wù kí ilẹ̀ Èkó gbóná tó, kò ní jó ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa ńbí ń jẹ, a ń mu, àfi bàbá rẹ tí eyín ń dùn, tó ní kì í ṣe eyín, pé ẹran ló le.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní ìjọba fi kún owó oṣù yín, pé kí owó ọ̀hún tó dé ọwọ́ yín ni onílé rẹ ní Sùúrùlérè ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sọ owó ilé di ìlọ́po méjì, o ní o kò ní, ló bá kó ẹrù rẹ síta. Ọmọ mi, èyí kò yé mi. Baálé kì í déédéé lé ènìyàn. Ṣé o máa ń kí i láàárọ̀? Nígbà tó bẹ̀ ọ̀wẹ̀, ṣé o lọ bá a ro oko? Bàbá rẹ ní ó dájú pé o kò lọ, pé láti kékeré lo ti ń sá fún ọkọ́.

O ní kóńgò gàárì ní Yábà kò tó kóńgò mọ́, pé àwọn tó ń tà á ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Àánú wọn ṣe mí. Alágbẹ̀dẹ wa lè bá wọn lù ú jáde, kí wọ́n sáà fi ránṣẹ́. O tún ní olè bọ́ ṣòkòtò lẹ́sẹ̀ rẹ lójú oorun. Mo dúpẹ́ pé kò jí ọ. Ẹni tó ro ti oorun ọmọnìkejì rẹ̀, inú rẹ̀ kò burú tán. Wọ́n ní létí òkun yín ìjọba ń yìnbọn pa olè, tí èrò ń rọ́ lọ wò ó. Ta ló wá ń ṣọ́ ilé àwọn tó lọ wòran?

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé o ti ń gbé abẹ́ afárá Ìjọrà báyìí, o kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba mà ṣeun o! Mo lọ sọ fún àwọn àna wa nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ àti Caroline. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ambrose, béèrè pé báwo ni ilé ọ̀hún ṣe tóbi tó, mo ní ẹni tó dúró ní ìkangun kan kò lè rí ìkangun kejì. Ó ní ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, mo ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwa mọ̀, ènìyàn ló ń rìn lókè rẹ̀. Tìrẹ, mọ́tò ni. Ẹnu yà á, ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó lójú ẹsẹ̀.

Àfi bí Tìrìmísíyù tó ń wa lọ́rì iṣu lọ sí Ìjọrà ṣe dé, tó ní òun rí ọ, pé o ti gbẹ, pé ibi tí ò ń gbé kò ní ilẹ̀kùn. Bàbá Ambrose fò dìde. Ó ní níbo ni wọn yóò ti wẹ ẹsẹ̀ ọmọ òun? O kúkú mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ọkọ la ti ń bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní bí o kò bá ní ẹnu ọ̀nà kí ọdún tó yí, Adéníran ni òun yóò fi Caroline fún, pé ilé páànù ló ní l'Ógbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó wá yọ ṣùtì sí mi, ó ní Ìyá Bọ́lárìnwá, ẹ ní mọ́tò ń rìn lókè, ibo wá ni wọ́n ń gbà wọ ìsàlẹ̀?

Ìtìjú yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ọláṣùpọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Pákó ìrókò tí bàbá rẹ tọ́jú de pósí ara rẹ̀ la fà lé e lọ́wọ́. Bàbá rẹ ní kò burú, pé òun kò tíì ní í kú ná. Ilẹ̀kùn náà ti parí, ó ní férémù, ó ní àgádágodo. Bó bá dé, gbé e dúró síbi tí atẹ́gùn kò pọ̀ sí, kí o máa tì í kí o tó sùn, kí ẹni tó bá tún fẹ́ mú ṣòkòtò lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn bí ọmọlúàbí.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé rèé tí Caroline fi wọlé. O rántí pé ó bá Àǹtí rẹ̀ Gertrude gbé ní Ìwáyà rí. Ó ka ìwé yìí, ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun mọ ohun tí wọ́n ń pè ní abẹ́ afárá. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́, pé kí o má gbé ilẹ̀kùn dúró síbì kankan, kí o tà á. Pé ìrókò ti di wúrà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé ní Sùúrùlérè, owó rẹ̀ á gba yàrá onípákó kan ní Ìwáyà, tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lára. Mo ní ta ló ń ta ilẹ̀kùn láti fi wá ilẹ̀kùn? Ó ní bí Èkó ṣe rí nìyẹn, Mà. Mo ní bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ẹnu ọ̀nà ni bàbá òun béèrè, kò béèrè irú igi. Ó ní òun fúnra òun ni yóò bá ilẹ̀kùn náà wọ lọ́rì Tìrìmísíyù lọ, nítorí o kò mọ ọjà tà, wọn á rẹ́ ọ jẹ. Mo ní ha, a kò tíì wẹ ẹsẹ̀ rẹ, ta ni yóò ru omi dé Èkó? Ó wò mí bíi pé èmi ni ọmọ. Ó ní Ìyá, etí omi mà ni Ìwáyà.

Nítorí náà, máa retí ilẹ̀kùn kan àti ìyàwó kan. Mi ò tíì sọ fún Bàbá Ambrose. Bí o bá rí owó, fi díẹ̀ rán Tìrìmísíyù, kí n fi ra pákó mìíràn fún bàbá rẹ, ó ti ń rìn kiri bí ẹni tí onílé lé jáde.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ibi tí wàá fẹ̀yìn lé. Onílé tó bá fẹ́ lé ọ, kò ní rí owó ọkọ̀ dé Ìwáyà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéfúnmiláyọ̀.