Àsẹ́ Omi Tó Há Lábẹ́ Síǹkì

Fìdítì,
Oṣù Kejì, 1976.

Láwàl àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá ń kí yín. Iṣu wa ta dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ.

Àsẹ́ omi tí o dè sábẹ́ síǹkì ilé ìdáná dí, omi ò wá mọ́. O kọ̀wé sí Bàbá pé obìnrin kì í tú ẹ̀rọ, ká dúró dè ọ́ di Iléyá. Bàbá gbà. Omi odò la wá ń mu, títí ìgbẹ́ ọ̀rìn fi dá Bàbá dùbúlẹ̀.

Ni mo bá rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, mo fi wé ìdérí àsẹ́ náà tó ti há, mo sì fi gbogbo agbára yí i. Bàbá pariwo láti orí ẹní: "Fàsílátù, Láwàl ní kí o má fọwọ́ kàn án!"

Mo ní, "Láwàl ò sí níbí, Bàbá. Èmi ni mò ń fọ aṣọ yín."

Ó yí. Mo yọ àsẹ́ inú rẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀, mo fi tuntun tí o fi sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, omi sì tún ń wá. Ara Bàbá ti ń le, ṣùgbọ́n wọn ò yìn mí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí o gbọ́.

O ti gbọ́ báyìí. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ. Fi àsẹ́ tuntun méjì ránṣẹ́, orúkọ mi ni kí o sì kọ sára páálí rẹ̀, má kọ ti Bàbá.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fàsílátù.