Ìkúnlẹ̀ Mummy ní Kent

Sátidé, oṣù Kẹfà. Peckham, London.

Inú ṣì ń bí mi. Èmi ni mo mú Mummy lọ wo ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń fi èédú rìn ní Kent, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ni Daddy ṣe n'Íbàdàn títí ikọ́ èédú fi gba ẹ̀mí wọn.

Mummy rí bàbá òyìnbó kan tó ń da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," wọ́n sì gbé mọ́ín-mọ́ín wa fún un, bí wọ́n ṣe máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Daddy níbi iṣẹ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́yà tó ti rìtáyà lòun, eré weekend lòun ń fi èédú ṣe. Ó ní ìjọba ti pa ọ̀nà rélùwéè náà tì tẹ́lẹ̀, àwọn ará abúlé ló tún un ṣe, kí wọ́n lè máa gbádùn èéfín rẹ̀.

Gbádùn kí ni?

Bọ́ọ̀sì wa dé Rye Lane, ládùúgbò wa ní Peckham. Mummy wá ní, "Mọ́ín-mọ́ín yẹn, kó máa jẹ ẹ́. Ìkúnlẹ̀ mi ni mo fẹ́ gbà padà."